Bí Bàbá Mi Ṣe Ń Gun Àtẹ̀gùn

Ẹni tó bá sọ pé ìfẹ́ dùn kò purọ́. Ṣùgbọ́n kó wá jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi díẹ̀, kí n sọ ìyókù fún un. Èmi ni mo rán aṣọ tó lé ọkọ mi lọ. Ọwọ́ ara mi ni mo fi wọ̀n ọ́n, tí mo fi gé e, tí mo fi rán an, mo sì tún fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ kó lè gún régé.

Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n gbà mí síṣẹ́ aránṣọ nínú fíìmù kan. Fíìmù ẹ̀rín ni, irú èyí tí bàbá, ìyá àti ọmọ lè jókòó wò pọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní bojú. Tíṣà orin kan àti ọmọ ilé-ìwé mẹ́rin ló dá ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì sílẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n ń kó àga fífọ́ sí, Pírínsípà wọn sì ń wá ibi tí ariwo ti ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù dé òpin rẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n yá ilé-ìwé kan lásìkò ìsinmi, wọ́n fún mi ní kíláàsì kan, mo sì ń gé aṣọ lórí tábìlì tíṣà.

Ibẹ̀ ni Ọlọ́wọ́ ti wọlé wá bá mi. Bí gbogbo wa ṣe ń pè é nìyẹn, nítorí ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n gbà síṣẹ́. Òṣèré tó ń ṣe tíṣà orin náà lẹ́wà lọ́kùnrin, ṣùgbọ́n kò mọ gìtá ta. Bó bá ti di ká ya ìka, wọ́n á ní kó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Ọlọ́wọ́ á jókòó sípò rẹ̀, kámẹ́rà á wo ọwọ́, kò ní wo ojú. Nítorí náà ṣẹ́ẹ̀tì méjì tó bára mu ni mo gbọ́dọ̀ rán, ọ̀kan fún ojú, ọ̀kan fún ọwọ́.

"Ẹ na ọwọ́ yín," mo wí, mo mú téèpù.

"Èwo nínú wọn, àǹtí?"

"Èyí tẹ́ ẹ fi ń jẹun."

"Àwọn méjèèjì ló ń bọ́ mi. Ọ̀kan ń ta, ìkejì ń tẹ̀."

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo wọn ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó tẹ́lẹ̀. Bó ṣe fẹ́ jáde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ máa gbé àga yín sókè díẹ̀. Ẹ̀yìn ń dùn yín, ẹ̀ ń fi ìgbọ̀nwọ́ gbé e." Òótọ́ ni. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ojú rẹ̀ kì í sinmi. Bó bá wo èèyàn lẹ́ẹ̀mejì, ó ti mọ bí onítọ̀hún ṣe ń mu omi. Lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, a máa ń jókòó lórí àtẹ̀gùn ilé-ìwé, á sì máa sín olùdarí fíìmù jẹ, á ṣe ẹni tó ń gbé iná, á ṣe èmi náà nígbà tí mo bá gbé abẹ́rẹ́ sẹ́nu tí mo sì ń bínú. Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí. Kí oṣù kejì tó pé, "ẹ" ti di "o" láàárín wa, èmi tí mo ti sọ fún gbogbo ọ̀rẹ́ mi pé ọkọ kò sí lọ́kàn mi sì ti ń kun àtíkè kí n tó lọ síbi iṣẹ́.

Ọjọ́ tí wọ́n parí yíyà fíìmù ló sọ ọ́. Ó ń bá mi ká aṣọ sínú àpótí.

"Mo fẹ́ máa rí ẹ láràárọ̀," ó ní. "Kì í ṣe nítorí iṣẹ́."

"Wàá kọ́kọ́ rí bàbá mi ná."

"Níbo ni wọ́n wà?"

Mo dárúkọ ilé-ìwé tí bàbá mi ti ń ṣe ọ̀gá àgbà láti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Pírínsípà? Pírínsípà wa?" Ó jókòó lórí àpótí. "Mo ti gbé. Wọ́n mọ̀ mí o. Wọ́n lé mi jáde nínú kíláàsì ìṣirò débi pé mo mọ kọ́rídọ̀ ju kíláàsì lọ."

Èmi rò pé àwàdà ni. Àwàdà kọ́.

Kí n sọ nípa bàbá mi, kí ẹ má bàa rò pé ìkà ni. Ìyá mi kú nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Láti ìgbà náà, bàbá mi nìkan ló tọ́ mi, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Òun ló kọ́ mi ní dídi irun, ó kọ́ ọ láti inú ìwé. Láràárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, á jókòó ti ẹ̀rọ mi, á máa ka ìwé ìròyìn sókè fún mi bí ẹni ń ka rẹ́jísítà. Ènìyàn gíga ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í pariwo. Ìbẹ̀rù tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ní fún un kò kọjá kó bọ́ awò ojú rẹ̀, kó wò ó, kó tún fi í sójú láì nù ún. Tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó jẹ̀bi á jẹ́wọ́.

Ó bọ́ awò náà lọ́jọ́ tí mo sọ fún un.

"Èwo nínú wọn? Èyí tó ń fi bírò lu tábìlì bí ẹni ń kan ìṣó?"

"Òun ni, sà."

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Ó ń ta gìtá, sà. Ó tún ń kọ́ àwọn ọmọdé."

"Iṣẹ́ ni mo bi ọ́."

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kò bínú, kò lu nǹkan kan. Ó kàn ń bá ìwé ìròyìn rẹ̀ lọ, mo sì gbọ́ pé ó ka ìlà kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni tó lè bá bàbá mi sọ̀rọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, ìyẹn Àǹtí Nọ́ọ̀sì, àbúrò rẹ̀ obìnrin. Gbogbo ẹbí wa ló ti gún lábẹ́rẹ́, kò sì sí ẹni tí kì í bẹ̀rù rẹ̀. Mo lọ kúnlẹ̀ fún un nílé ìwòsàn, láàárín àwọn tó wá gba oògùn. Ó ní kí n dìde, àwọn èèyàn á rò pé nǹkan burúkú ló ṣẹlẹ̀. Lọ́sẹ̀ náà ló gba ilé wa wá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ yín ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ṣé ẹ fẹ́ fi í pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù pẹ̀lú ìwé ìdánwò ni?"

"Mi ò ní kó má lọ́kọ. Mo ní kó má fẹ́ aláriwo."

"Aláriwo tó mú un rẹ́rìn-ín. Ìgbà wo lẹ ti gbọ́ ẹ̀rín nínú ilé yìí gbẹ̀yìn?"

Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bàbá mi ká ìwé ìròyìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Wọ́n ní ó ṣiṣẹ́ nínú fíìmù kan. Bí wọ́n bá gbé e jáde, màá lọ wò ó. Tí mo bá rí i pé iṣẹ́ ni, màá ní kó wá kí mi."

Ẹ wò ó, mo sunkún ayọ̀. Ọlọ́wọ́ gbé mi yí po nígbà tí mo sọ fún un. Oṣù mẹ́rin la fi dúró de fíìmù yẹn, mi ò sì rí oṣù tó dùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé mi.

Ọ̀sán Sátidé ni a lọ. Bàbá mi jókòó láàárín èmi àti Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Ọlọ́wọ́ wà ní ìlà méjì lẹ́yìn wa, nítorí bàbá mi ò tíì ní kó wá kí òun. Bàbá mi múra bí ẹni tó ń lọ síbi ìdánwò, ó wọ kóòtù rẹ̀ aláwọ̀ eérú tó máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Bọ́tìnì kejì kóòtù yẹn, òwú pupa ni wọ́n fi rán an. Òwú dúdú ló tán lọ́wọ́ ìyá mi lọ́jọ́ kan, ó ní òun á tún un ṣe tó bá di ọ̀la. Àìsàn dé, ọ̀la ò dé. Bàbá mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan bọ́tìnì náà mọ́, àní èmi aránṣọ.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ń lu ìlù, gìtá ń ké, gbogbo ilé ń mi tìtì. Lẹ́yìn náà ni Pírínsípà jáde, òṣèré kúkúrú kan tó sanra rọ̀bọ̀tọ̀. Ó fẹ́ gun àtẹ̀gùn lọ síbi ariwo. Ó gun mẹ́ta, ó dúró, ó kọjú sí ògiri bí ẹni ń ka ìkéde. Ó gun mẹ́ta sí i, ó tún dúró, ó tún ka ògiri. Nígbà kẹta, kámẹ́rà sún mọ́ ògiri, a rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ rárá. Gbogbo ilé sinimá bú sẹ́rìn-ín.

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ìlà tiwa, èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Pírínsípà náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wò ó, ó fi í sójú láì nù ún. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ó na ìka, ó ń ka àwọn ọmọ bó ṣe ń kọjá lára wọn. Ọmọ tó kéré jù nínú ẹgbẹ́ náà wá gbójú sókè wò ó, ó ní, "Sà, ojú bọ́tìnì yín pọ́n o. Ṣé kò sùn ni?"

Kámẹ́rà sún mọ́ ọn. Òwú pupa ni, lára kóòtù aláwọ̀ eérú.

Ẹ̀rín kú sí mi lẹ́nu. Mo yíjú. Bàbá mi ti fi àtẹ́lẹwọ́ bo bọ́tìnì rẹ̀, ó sì ń wo fíìmù náà bí ẹni tí wọ́n ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún. Nígbà tó yá, Àǹtí Nọ́ọ̀sì tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀gbẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ọwọ́ yẹn! Ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn!" Lóòótọ́, ìka Ọlọ́wọ́ ń sáré lórí gìtá, ó dára débi pé àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Bàbá mi ò gbójú sókè. Ohun tí a torí rẹ̀ wá, kò rí i.

Nígbà tí a jáde, àwọn ọmọdé kan rí kóòtù rẹ̀. "Ẹ wò ó! Pírínsípà inú fíìmù!" Ìyá wọn ní kí wọ́n dákẹ́, ṣùgbọ́n òun náà ń fi ọwọ́ bo ẹ̀rín. Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé sinimá láìdúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òógùn bò ó nígbà tó dé ìsàlẹ̀.

A délé. Kò bọ́ kóòtù.

"Ta ló sọ fún wọn nípa orúnkún mi?"

"Orúnkún wo, sà?"

Ó wò mí títí. "Ìwọ náà ò mọ̀," ó ní. "Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń gun àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀. Mo rò pé bí mo bá ń ka ìkéde, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀." Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Ta ló rán kóòtù yẹn?"

"Èmi ni, sà."

"Ó dáa." Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Èmi ló yẹ kí n ṣàlàyé, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ sọ? Wọ́n ní kí n rán kóòtù pírínsípà. Kóòtù pírínsípà kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láyé mi. Bó ṣe ku bọ́tìnì kejì, ọwọ́ mi mú òwú pupa fúnra rẹ̀, àfi bí ẹni pé kóòtù ọ̀hún ò tíì pé. Mo wọ̀ ọ́ fún òṣèré kúkúrú yẹn, kò jọ bàbá mi níbì kankan, ọkàn mi ò sì lọ síbẹ̀.

Mo bá Ọlọ́wọ́ lọ́jọ́ kejì. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni," ó ní. "Mi ò tíì mọ̀ pé ìwọ lọmọ wọn. Òṣèré yẹn ní kí n fi bí pírínsípà ṣe ń rìn han òun. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo mọ̀. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, mo ti gbàgbé."

"O ò rí kóòtù yẹn lọ́rùn rẹ̀ ni?"

"Mo rí i. Mo kàn rí i pé tó bá ti wọ̀ ọ́, ara mi máa ń fẹ́ nà tàntàn. Mi ò mọ ìdí."

Bó ṣe rí nìyẹn. Èmi mú ìdajì wá, òun mú ìdajì wá, kò sí ẹni tó mọ ohun tí ìkejì gbé dání. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí odindi, báwo lo ṣe fẹ́ sọ fún un pé ẹ ò jọ gbìmọ̀ pọ̀?

Ọlọ́wọ́ wá bẹ bàbá mi. Ó kúnlẹ̀ ní pálọ̀ wa láti agogo mẹ́rin, Àǹtí Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ tì í, èmi kúnlẹ̀ lẹ́yìn wọn. Bàbá mi jáde wá, ó jókòó.

"Ẹ dìde. Mi ò bínú." Ó kọjú sí Ọlọ́wọ́. "Ṣé o rò pé mo ń bínú ni? O ṣe é dáadáa. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi wà níwájú àwọn ọmọ, mo rò pé ìṣirò ni wọ́n ń wò lójú pátákó. Ìwọ tí mo lé síta, ìwọ lo rí mi jù."

"Ẹ dárí jì mí, sà. Mi ò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fẹ́ràn yín."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ ọmọ mi, wàá máa wá síbí. Màá máa dìde lórí àga níwájú rẹ. Màá fẹ́ lọ mu omi." Ó fọwọ́ lé orúnkún rẹ̀. "Mi ò mọ bí mo ṣe máa rìn nínú ilé ara mi tí o bá ń wò mí. Máa lọ ilé, ọmọ mi."

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ dìde, ó fa Ọlọ́wọ́ lọ́wọ́ sókè.

Nígbà tí ilé-ìwé wọlé, àwọn ọmọ bàbá mi ti wo fíìmù náà tán. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri àtẹ̀gùn, ọ̀kan ní ìpele mẹ́ta-mẹ́ta. Wọ́n kọ ọ́ sí i pé: Ẹ KÚ ÌSINMI, SÀ. Bàbá mi ka gbogbo rẹ̀, ó sì gùn ún dé òkè. Lọ́sẹ̀ náà ló kọ̀wé pé òun fẹ́ fẹ̀yìn tì, ó ku ọdún méjì kí àsìkò rẹ̀ pé. Ó gbé kóòtù náà sínú àpótí. Kò ka ìwé ìròyìn fún mi mọ́. Bí mo bá wọ pálọ̀ tó bá wà lórí ìrìn, á jókòó sórí àga tó bá sún mọ́ ọn jù, á sì wà níbẹ̀ títí n óò fi jáde. Bàbá mi ń tijú mi.

Ọlọ́wọ́ kò sín ẹnikẹ́ni jẹ mọ́. Ó jẹ́ kó dá mi lójú pé òun ti jáwọ́, bí ẹni tó jáwọ́ nínú sìgá. Ní ibùdókọ̀ la ti máa ń ríra. Lọ́dún kejì, ó di ọwọ́ mi mú.

"Jẹ́ ká lọ sí kọ́ọ̀tù ká ṣègbéyàwó. Àǹtí Nọ́ọ̀sì á fọwọ́ sí i. Tó bá yá, bàbá á gbà."

Mo fẹ́ lọ. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín, mo fẹ́ ẹ ju ohunkóhun lọ, mo ti ronú aṣọ tí mo máa wọ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tí a dá, mo jáde láti yàrá mi, mo bá bàbá mi níbi tó ti fẹ́ lọ bu omi, kọ́ọ̀pù òfìfo lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe rí mi, ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú kọ́ọ̀pù náà, ó ṣe bí ẹni pé òùngbẹ ò gbẹ ẹ́. Mo gba kọ́ọ̀pù, mo bu omi wá fún un. Mi ò lọ.

Ọlọ́wọ́ dúró dè mí ọdún mẹ́ta sí i. Èmi ni mo ní kó máa lọ.

"Ṣé ó dá ẹ lójú?" ó bi mí.

"Rárá."

"Kí ló wá dé tó o fi ń sọ ọ́?"

"Torí pé ọdún ń lọ lórí ẹ. Ó ti ń lọ lórí mi, kò gbọ́dọ̀ lọ lórí àwa méjèèjì."

Ó sunkún níwájú àwọn tó ń dúró de ọkọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ dé, èmi ni mo kọ́kọ́ wọlé, kí n má bàa yí ọkàn padà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Àǹtí Nọ́ọ̀sì wá sọ fún mi pé ó ti gbéyàwó, olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan. Ó ní ọmọ dáadáa ni. Mo ní mo bá wọn yọ̀. Mo padà sídìí ẹ̀rọ, mo rán odindi apá ṣẹ́ẹ̀tì kan mọ́ ibi ọrùn, mo sì fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ tú u.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan, mo gbọ́ ikọ́ lẹ́nu ọ̀nà mi. Bàbá mi ló dúró síbẹ̀. Ó wọlé, ó ń fa ẹsẹ̀ òsì, kò fi pamọ́, ó rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ mi níṣojú mi, ó fa àga, ó jókòó.

"Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn," ó ní.

Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Ẹni tó lè rí orúnkún tí mo fi pamọ́ fún gbogbo ayé," ó ní, "tí ara rẹ ò bá yá, kí o tó sọ, ó ti mọ̀. Ìyá rẹ nìkan ló ń wo èèyàn bẹ́ẹ̀. Mo ti dàgbà. Mi ò fẹ́ kí o wà lọ́dọ̀ ẹni tí kò ní máa wò ọ́." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí mi ò rí lójú rẹ̀ láti ọdún mẹ́fà. "Sọ fún un kó wá. Tó bá fẹ́, kó gbé gìtá rẹ̀ dání."

"Ó ti gbéyàwó, sà."

"Ọlọ́wọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ti pé oṣù mẹ́ta."

Bàbá mi bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e lé orí itan. Ó wo ojú fèrèsé, ó wá mi orí.

"Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí," ó ní, "ẹ ò ní sùúrù rárá."

Mo kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àga rẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà," mo wí.